Àwọn Obìnrin Mẹ́fà Inú Yàrá ENIAC

Ní alẹ́ ọjọ́ 14, oṣù kejì, ọdún 1946, àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì wà nínú yàrá ńlá kan ní Yunifásítì Pennsylvania, nílùú Philadelphia, tí wọ́n ń bá ẹ̀rọ kan fà á. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ náà han aráyé. Wọ́n ní kó ṣírò ọ̀nà tí ọta àgbá máa gbà lójú ọ̀run, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ọta gbéra, ó gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ibi tó ti yẹ kó dúró ló ti di wàhálà. Ọta balẹ̀ tán, ìṣirò ò dúró. Ó ń bá a lọ ṣáá, àfi bíi pé ọta náà ń gbẹ́ ilẹ̀ wọlẹ̀ lọ.

Gbogbo àwa tí a ti kọ kóòdù rí la mọ irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ti pọ́n, ọ̀gá ń bọ̀ láàárọ̀, nǹkan tó kù ò ju bíńtín lọ, bíńtín náà ò sì fẹ́ gbọ́.

Jean Jennings lorúkọ ọ̀kan nínú wọn, Betty Snyder ni ìkejì. Wọ́n wá àṣìṣe náà títí, wọn ò rí i, wọ́n bá gba ilé lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Betty wọlé, ó lọ tààrà sídìí súwíìṣì kan ṣoṣo láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó yí i. Ó tán! Ojú oorun ló ti rí i. Jean máa ń sọ ọ́ títí tó fi darúgbó pé ọpọlọ Betty máa ń ṣiṣẹ́ lójú oorun ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn tí ojú wọn là sílẹ̀ lọ.

Ìtàn súwíìṣì yìí ni wọ́n sábà máa ń sọ, ó sì dùn ún gbọ́. Àmọ́ ó lè ṣi èèyàn lọ́nà, bíi pé orí ẹnì kan ló kó gbogbo wọn yọ. Èyí tó wà nídìí ẹ̀ la fẹ́ sọ.

ENIAC ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Ogun Àgbáyé Kejì ló bí i. Ẹni tó bá ń yin àgbá nílò ìwé ìṣirò tó máa sọ fún un bó ṣe yẹ kó gbé ẹnu àgbá sókè tó kí ọta lè balẹ̀ síbi tó fẹ́, àgbá kọ̀ọ̀kan àti ọta kọ̀ọ̀kan ló sì ní tiẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti lọ sójú ogun, torí náà àwọn obìnrin tó mọ ìṣirò ni iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà kó jọ láti ṣe é. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ iṣẹ́ èèyàn ni kó tó di orúkọ ẹ̀rọ. Ìrìn ọta kan péré lè gba ẹnì kan ní wákàtí 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹ̀ ló sì wà nílẹ̀. Ìgbà tí John Mauchly àti Presper Eckert ní àwọn lè kọ́ ẹ̀rọ tó máa fi ìṣẹ́jú àáyá ṣe é, àwọn ológun fọwọ́ sí i lọ́dún 1943. Ohun tí wọ́n kọ́ kún inú yàrá: àpótí irin 40 tó ga ju èèyàn lọ, tí wọ́n tò bíi lẹ́tà U, gílóòbù bíi ti rédíò ayé àtijọ́ tó tó 18,000, ìwọ̀n gbogbo ẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 30.

Ẹ̀rọ ti wà. Ta ló máa sọ fún un ohun tó máa ṣe?

Lọ́dún 1945 wọ́n yan mẹ́fà nínú àwọn kọ̀ǹpútà ẹlẹ́ran ara yẹn: Kay McNulty, Fran Bilas, Betty Snyder, Jean Jennings, Marlyn Wescoff àti Ruth Lichterman. Wọn ò jọ wá láti ibì kan náà. Ọmọ àgbẹ̀ láti Missouri ni Jean. Donegal ní Ireland ni wọ́n bí Kay sí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí wọ́n gbé e dé Amẹ́ríkà, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan, èdè Irish nìkan ló ń sọ. (Ẹ̀yin tí ẹ kọ́kọ́ pàdé Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, ẹ ti rí ẹnìkejì yín.) Ní ti Betty, ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ kíláàsì ìṣirò ní yunifásítì ni olùkọ́ kan ti sọ fún un pé ilé ló yẹ kó wà, kó máa tọ́mọ. Ó bá lọ kọ́ṣẹ́ oníròyìn. Òun náà ló dàgbà jù nínú wọn, kò sì tíì pé ọdún 29 lálẹ́ ọjọ́ tí a ń wí yìí.

Wọn ò fún wọn ní ìwé ìlànà kankan, torí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ ọ́. Kò sí èdè kóòdù, kò sí ojú tẹlifíṣọ̀n tí èèyàn máa wò. Lákọ̀ọ́kọ́ pàápàá, wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọ yàrá tí ẹ̀rọ náà wà, torí nǹkan àṣírí ìjọba ni. Àwòrán wáyà bẹẹrẹ ni wọ́n kó fún wọn, pé kí wọ́n lọ wò ó bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n wá mọ bí wọ́n ṣe máa pa á láṣẹ.

Méjì-méjì ni wọ́n pín ara wọn. Èyí tí àwọn kan bá ti yé, wọ́n á wá kọ́ àwọn yòókù. Ibi tí wọ́n bá ti há, wọ́n á lọ bá àwọn ẹnjiníà tó kọ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n á bi wọ́n ní ìbéèrè. Àwọn tó ti bá wọn ṣe àáró lóko rí á mọ̀ ọ́n: oko tèmi lónìí, oko tìẹ lọ́la.

Jean àti Betty ló jọ ṣe ètò ìrìn ọta yẹn. Jean sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ńṣe làwọn méjèèjì máa ń dọdẹ àṣìṣe ara wọn kiri, tí ọ̀kan bá sì rí ti ìkejì, ayọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí yìí, torí òun gan-an ló dun àwa jù. Lónìí, àwọn iléeṣẹ́ ti sọ ọ́ di pair programming àti code review, wọ́n ń ṣe ìpàdé lé e lórí. Síbẹ̀, ìwọ sọ fún ẹlòmíì pé nǹkan kan ò tọ̀nà ní ìlà 40, kó o wá wo ojú ẹ̀. A ti bá wọn ṣiṣẹ́ níbì kan rí tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kóòdù ọ̀gá. Ọ̀gá rìnrìn àjò, áàpù wọn dákú, gbogbo wa jókòó tì í fún odindi ọjọ́ méjì bí ẹni ń ṣọ́ òkú. Àwa náà ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀gá nìkan ló jẹ̀bi. Ta ló bi í ní ìbéèrè kankan nígbà tó wà nílé?

Ẹ wo Ruth àti Marlyn. Àwọn méjèèjì ló jókòó, tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe ìṣirò ìrìn ọta náà, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, bí ENIAC ṣe máa ṣe é gẹ́lẹ́. Iṣẹ́ tó ń súni ni. Àmọ́ bí kò bá sí ìwé tiwọn, kí ni Jean àti Betty máa fi mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ń purọ́? Ìgbà tí ẹ̀rọ náà ò sì ní àyè tó fún ìṣirò tó gùn, Kay ló dá a lábàá pé kí wọ́n lo apá tó ń darí àwọn yòókù láti máa tún ìgbésẹ̀ kan náà ṣe léraléra, dípò kí wọ́n máa to wáyà tuntun. Gbogbo wọn ló wá jọ ṣiṣẹ́ lórí àbá yẹn.

Ọjọ́ 15 pé. Ọta tó yẹ kó lo ìṣẹ́jú àáyá 30 lójú ọ̀run, ENIAC fi ìṣẹ́jú àáyá 20 ṣírò ìrìn ẹ̀, ìyẹn ni pé ìṣirò tán kí ọta tó balẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Nígbà tó di alẹ́, wọ́n se àsè fún àwọn èèyàn ńlá. Wọn ò pe àwọn obìnrin mẹ́fà náà. Nílé wa, ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló máa bọ́ àwọn tó wá ro oko. Ó kéré tán, wọ́n á jẹ iyán kí wọ́n tó lọ. Nínú òtútù oṣù kejì làwọn wọ̀nyí gba ilé lọ.

Ìwé ìròyìn gbé e jáde, wọ́n yin ẹ̀rọ, wọ́n yin àwọn ọkùnrin tó kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn ológun fẹ́ lo fọ́tò ENIAC fi polówó iṣẹ́, wọ́n gé àwọn obìnrin tó wà nínú ẹ̀ kúrò, ó wá ku ọkùnrin tó wọ aṣọ ológun. Ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Harvard, Kathy Kleiman, rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ó sì béèrè àwọn obìnrin inú ẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé àwọn tí wọ́n dúró ṣe ẹ̀ṣọ́ ni, bí àwọn tó máa ń dúró ti fíríìjì nínú ìpolówó ọjà. Kò gbà. Ó wá wọn lọ, ó bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì rántí gbogbo ẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yẹn, iṣẹ́ ò tíì tán lọ́wọ́ wọn. Betty wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí èdè COBOL. Jean darí àwọn tó tún ENIAC ṣe kó lè máa tọ́jú ètò sínú ara ẹ̀. Ruth ní tiẹ̀ tẹ̀ lé ẹ̀rọ náà lọ sí Aberdeen, ní Maryland, nígbà tí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀ lọ́dún 1947, ó sì lo ọdún méjì sí i níbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Lọ́dún 1997, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà wá fi àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ìwé ọlá wọn. Ruth ti kú láti ọdún 1986. Ọkọ ẹ̀ ló bá a gba tiẹ̀.