Orúkọ Lazaret ní Niamey: Àgọ́ Ọ̀dá Kọ́ Ló Bí I

Àgọ́ tí wọ́n pa ní nǹkan bí ọdún 1973 sí 1974 fún àwọn darandaran, pàápàá àwọn Tuareg tí ọ̀dá lé kúrò ní ilẹ̀ wọn, ló sọ Lazaret, àdúgbò kan ní Niamey, ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, di olókìkí. Nítorí náà ni ó fi rọrùn láti gbà pé àgọ́ yìí náà ló fún un lórúkọ. Òótọ́ ni pé ẹran ọ̀sìn kú lọ súà nínú ọ̀dá náà, ebi rẹ̀ sì wà lára ohun tí ọ̀gá ológun Seyni Kountché tọ́ka sí nígbà tó fi ipá gba ìjọba lọ́wọ́ ààrẹ Hamani Diori ní oṣù Kẹrin ọdún 1974. Síbẹ̀, òkìkí yàtọ̀ sí orísun.

Ọ̀rọ̀ Faransé ni “lazaret”, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ilé ìyàsọ́tọ̀, ìyẹn ilé tí wọ́n ń kọ́ jìnnà sí ìgboro fún ẹni tí àrùn tó ń ràn ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí àwọn Yorùbá àtijọ́ ṣe ń gbé ẹni tí olóde bá mú lọ sí ahéré. “Camp du Lazaret” ni àwọn tó ń sọ Faransé ń pe àgọ́ ọ̀dá náà, èyí tó túmọ̀ sí àgọ́ tó wà ní Lazaret, ìpè yìí sì fi hàn pé ibẹ̀ ti ń jẹ́ Lazaret kí àgọ́ tó dé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àìsàn wà nínú àgọ́ pẹ̀lú, èsì rẹ̀ ni pé ebi àti òùngbẹ ló kó àwọn èèyàn wọ̀nyí wá síbẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ nítorí àrùn.

Bákan náà ni kò tọ́ láti so orúkọ náà mọ́ Lásárù inú Bíbélì nìkan. Ní ọdún 1423, àwọn ará Venice ní Ítálì dá ilé ìyàsọ́tọ̀ sílẹ̀ ní erékùṣù Santa Maria di Nazareth nítorí àjàkálẹ̀ àrùn. Láti inú Násárétì yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti yọ, kí orúkọ Lásárù, alágbe eléègbò inú ìwé Lúùkù, tó dà pọ̀ mọ́ ọn.

Nítorí náà, ilé ìyàsọ́tọ̀ ló ni orúkọ Lazaret. Ẹni tó yá a lò ni àgọ́ ọ̀dá.