Àwòrán Ọba Lára Owó Wúrà Róòmù Àtijọ́

Aureus ni orúkọ owó wúrà tí wọ́n ń ná ní ilẹ̀ ọba Róòmù àtijọ́. Ẹyọ kan rẹ̀ tó owó fàdákà denarius 25. Ojú owó náà ni orí ọba máa ń wà, tí orúkọ àti oyè rẹ̀ yí i ká. Ẹ̀yìn rẹ̀ sì sábà máa ń gbé àwòrán òrìṣà tàbí àmì ìṣẹ́gun. Oníṣẹ́ ọnà ni yóò kọ́kọ́ fín àwòrán náà sára òǹtẹ̀ onírin. Lẹ́yìn èyí, wọn á fi wúrà sáàárín òǹtẹ̀ méjì, wọn á sì fi òòlù lù ú.

Ní ìlú Róòmù, kò sí nínú àṣà pé kí orí ẹni tó wà láàyè hàn lójú owó. Julius Caesar ló yí àṣà yìí padà ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi, nígbà tí orí rẹ̀ hàn lójú owó fàdákà. Lójú àwọn ọ̀tá rẹ̀, ìwà ẹni tó fẹ́ jọba ni èyí, bẹ́ẹ̀ Róòmù sì ti lé ọba kúrò tipẹ́. Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà ni wọ́n pa á. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí Brutus, ọ̀kan nínú àwọn apànìyàn náà, fi fi orí ara rẹ̀ sójú owó wúrà àti fàdákà, pẹ̀lú ọ̀bẹ méjì lẹ́yìn rẹ̀.

Àwòrán wọ̀nyí kì í fi ìgbà gbogbo jọ ẹni tí wọ́n yà. Augustus lé ní àádọ́rin ọdún kó tó kú ní ọdún 14 lẹ́yìn ìbí Kristi, ṣùgbọ́n ojú ọ̀dọ́ ló wà lára owó rẹ̀ títí dé òpin. Vespasian, tó gorí oyè ní ọdún 69 lẹ́yìn ogun abẹ́lé, yan ojú àgbà jagunjagun: orí pípá, iwájú híhunjọ, ọrùn kíki. Hadrian ní tirẹ̀ dá irùngbọ̀n sí, àwọn ọba mìíràn sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀pọ̀ ará ìlú kò fojú kan ọba rí. Owó ló ń mú ojú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fipá gba oyè fi máa ń tètè rọ owó tirẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ìrísí ọba nìkan ni owó wúrà fi hàn, bí kò ṣe irú ẹni tí ó fẹ́ kí aráyé gbà pé òun jẹ́.