Ìdí máńhóòlù oníkọnkéré

Ìdí máńhóòlù ni apá ìsàlẹ̀ kòtò tí òṣìṣẹ́ ń gbà dé ibi páìpù omi ẹ̀gbin lábẹ́ ilẹ̀, láti yẹ̀ ẹ́ wò tàbí láti tú u bó bá dí. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti sábà máa ń dà á sínú mọ́ọ̀dù: sìmẹ́ǹtì, yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti omi, pẹ̀lú irin nínú. Bó bá le tán, kírénì á sọ̀ ọ́ sínú kòtò. Wọ́n á to ríǹgì oníkọnkéré lé e, wọ́n á sì dé e. Wọ́n máa ń la ojú ìṣàn sí inú rẹ̀ kí ìdọ̀tí má baà dúró. Rọ́bà ni wọ́n fi ń dí oríkèé páìpù.

Ní Nàìjíríà, irú ètò páìpù yìí wà ní Àbújá, níbi tí omi ẹ̀gbin ti ń ṣàn lọ sí ibùdó ìtọ́jú Wupa.

Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú ìpínlẹ̀ Òndó, bí agbègbè Odìgbó tí Aráròmí-Obù wà, ṣálángá tàbí sókáwéè ni ilé kọ̀ọ̀kan ń gbẹ́. Ó yẹ kí ṣálángá àti sókáwéè jìnnà sí kànga dáadáa, nítorí ẹ̀gbin tó bá jò sínú omi lè fa onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun.