Kí Ni O Ń Fi Í Ṣe? Ìtàn Fọ́ọ̀mù 27 ní Ilẹ̀ Íńdíà

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí wọ́n bá fún ní ilẹ̀ oko, tí kò ro ó, tí kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn ro ó, kò ní í pẹ́ tí àwọn àgbà ẹbí yóò fi ránṣẹ́ pè é láti bi í léèrè ohun tí ó ń fi ilẹ̀ náà ṣe. Irú ìbéèrè yìí ni ìjọba Íńdíà ń bi àwọn tí ó ní pátẹ́ǹtì. Pátẹ́ǹtì ni ìwé àṣẹ tí ìjọba ń fún ẹni tí ó hùmọ̀ ohun tuntun, pé fún ogún ọdún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ohun náà tàbí kí ó tà á láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1911 ni Íńdíà ń lò nígbà tí ó gba òmìnira ní 1947. Ní 1959, Adájọ́ Rajagopala Ayyangar gbé ìròyìn ìwádìí rẹ̀ lórí òfin náà jáde. Ohun tí ó rí kò dùn mọ́ni: nínú pátẹ́ǹtì ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí ọgọ́rin sí àádọ́rùn-ún ló wà lọ́wọ́ àwọn àjèjì, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú ìwọ̀nyí ni wọn kò lò rárá ní Íńdíà. Wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di igbó, wọ́n sì ń ti òkè òkun kó èso wá tà fún onílẹ̀. Láti inú ìròyìn yìí ni Òfin Pátẹ́ǹtì ti ọdún 1970 ti jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1972. (Ọdún 1970 náà ni ìjọba ológun Nàìjíríà ṣe òfin tiwa. Òun náà fi àyè sílẹ̀ kí ilé ẹjọ́ lè fún ẹlòmíràn ní àṣẹ bí onípátẹ́ǹtì bá jókòó lé ohun rẹ̀, ṣùgbọ́n kò béèrè ìròyìn ọdọọdún.)

Abala 146 òfin Íńdíà ni ó pa ìròyìn náà láṣẹ. Nínú ìlànà ọdún 2003, Fọ́ọ̀mù 27 ni wọ́n pe ìwé tí a ó kọ ọ́ sí. Ǹjẹ́ o lo ìhùmọ̀ rẹ ní Íńdíà lọ́dún tó kọjá? Bí o kò bá lò ó, kí ló dé? Mélòó lo ṣe níhìn-ín, mélòó lo kó wọlé, láti orílẹ̀-èdè wo? Ǹjẹ́ ó tó àwọn ará ìlú, ní iye tí apá wọn ká?

Ó dà bí ìwé ọ́fíìsì lásán, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ Bayer dé. Ilé iṣẹ́ Jámánì yìí gba pátẹ́ǹtì ní 2008 lórí Nexavar, òògùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ àti ti kíndìnrín. Owó òògùn oṣù kan jẹ́ rúpì 280,428. Ní 2011, ilé iṣẹ́ Natco ti ìlú Hyderabad tọrọ àyè láti ṣe òògùn náà ní rúpì 8,880. Nígbà tí P. H. Kurian, Alábòójútó Pátẹ́ǹtì, wo ọ̀rọ̀ náà, Fọ́ọ̀mù 27 tí Bayer fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà lára ẹ̀rí: ní 2008, kò kó òògùn náà wọlé rárá, èyí tí ó sì kó wọlé lẹ́yìn náà kò tó nǹkan lára ohun tí àwọn aláìsàn nílò. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ní oṣù kẹta 2012, Kurian fún Natco ní àṣẹ ọ̀ranyàn, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin náà lórí òògùn, pé kí ó máa san ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà rẹ̀ fún Bayer. Ìgbìmọ̀ ìpẹ̀jọ́ sọ ọ́ di méje ní 2013. Bayer pẹjọ́ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọn kò gbọ́ tirẹ̀ ní 2014.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onípátẹ́ǹtì kò kọ fọ́ọ̀mù náà. Àwọn mìíràn kọ ọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ orúkọ sórí ìwé ìdánwò tán, tí ó fi ìyókù sílẹ̀ lófìfo. Òfin ní ìtanràn nínú, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Shamnad Basheer, amòfin, ni ó yẹ àwọn fọ́ọ̀mù náà wò, tí ó sì gbé ìjọba lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Delhi ní 2015. Ní 2018, ìjọba ṣe ìlérí níwájú ilé ẹjọ́ pé òun yóò tún ètò náà ṣe. Ọkùnrin náà kú ní 2019, kò rí àtúnṣe ọ̀hún.

Bóyá ó dára bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe tó dé ní 2020 yọ ìbéèrè nípa iye ohun tí a ṣe àti bóyá ó tó àwọn ará ìlú kúrò. Ti 2024 yọ ọ̀rọ̀ owó tí ó wọlé kúrò pẹ̀lú, ó sì sọ ìròyìn ọdọọdún di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta. Àwọn ilé iṣẹ́ ti ń ráhùn tipẹ́ pé ẹrù náà wúwo, pàápàá níbi tí pátẹ́ǹtì púpọ̀ bá wà nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ẹjọ́ wọn kò sì ṣófo pátápátá. Ṣùgbọ́n bí Natco mìíràn bá dìde lónìí, kò ní í bá nínú Fọ́ọ̀mù 27 àwọn iye tí Kurian bá nínú ti Bayer.