Gbígbá àti Fífì: Bí Kádì Ṣe Di Olùkọ́ Gọ́ọ̀fù

Láti Ṣàngó Ọ̀tà títí dé ojú títì Ìdíròkó, ilé-iṣẹ́ àti ọkọ̀ àjàgbé ló kún ibẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́ gọ́ọ̀fù, Ìkẹjà tàbí Ìkòyí ló máa forí lé, ọkàn wa á sì lọ sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan tó ní mọ́tò tó ní awakọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ pé ta ló kọ́ wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó ti ru àpò fún ẹlòmíì rí. Ìtàn bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ ló gbà wá lọ́kàn.

Ilẹ̀ Scotland ni eré yìí ti gbilẹ̀. Ní 1457 ìjọba ibẹ̀ fòfin dè é, torí ó ń gba àkókò tó yẹ kí àwọn ọkùnrin fi kọ́ ọfà títa. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò òyìnbó ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Níbi tí koríko kò ti lè tẹ́jú bíi tọ̀hún, iyanrìn tí wọ́n po mọ́ epo ni wọ́n tẹ́ yí ihò ká. Ẹsẹ̀ ń ba ojú rẹ̀ jẹ́, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ máa tún un tẹ́. Ẹ mọ ẹni tí iṣẹ́ yẹn bọ́ sí lọ́wọ́.

Ọdún 1938 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Ikoyi Club sílẹ̀. European Club ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà, orúkọ ọ̀hún sì ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ní 1947 òtẹ́ẹ̀lì Bristol l'Ékòó kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti London wá, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ayé ìgbà yẹn nìyẹn. Síbẹ̀, kò sí bí òyìnbó ṣe máa gbá gọ́ọ̀fù kí ọmọ dúdú kan má tẹ̀lé e: kádì.

Kí ni kádì rí? Gbogbo rẹ̀. Ó rí ibi tí bọ́ọ̀lù fò gbà, ó rí èjìká tí kò yí, orí tí wọ́n tètè gbé sókè, ọwọ́ tó le jù lára ọ̀pá. Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ó ń wo àṣìṣe ẹlẹ́ni mẹ́rin. A rò pé ẹni tó sanwó fún ẹ̀kọ́ kò lè rí tó bẹ́ẹ̀.

Níbi tí èdè wa ti wọ̀ ọ́ nìyí. Àwa ń sọ pé a ń gbá bọ́ọ̀lù, a ń gbá gọ́ọ̀fù. Ohun tó sì ń pa ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ gan-an ni pé ó fẹ́ gbá a. Apá nìkan ló ń lò, bọ́ọ̀lù á ṣẹ́ sígbó. Ọ̀pá yẹn, ńṣe là ń fì í: ìbàdí àti èjìká á yí, ìwúwo ara á kúrò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bọ́ sórí ti iwájú, ọwọ́ á wá tẹ̀lé e. Bọ́ọ̀lù kàn pàdé ọ̀pá lójú ọ̀nà ni. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fojú kéré àmì ohùn, ẹ wo ohun tó wà láàárín "fi" àti "fì".) Gbogbo wa tí wọ́n ní ká fi langalanga gé koríko níléèwé girama mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń fi agbára gé e ló kọ́kọ́ máa ń rẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ben Hogan, tí ìwé ẹ̀kọ́ gọ́ọ̀fù rẹ̀ jáde ní 1957, ṣe kádì ní Texas nígbà tó wà lọ́mọdé. Charlie Sifford náà ṣe é ní North Carolina, àmọ́ òfin "aláwọ̀ funfun nìkan" ti ẹgbẹ́ PGA Amẹ́ríkà dínà mọ́ ọn títí di 1961. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ló bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àpò, àwọn sì ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń sanwó fún lónìí kí wọ́n lè tún ọwọ́ wọn ṣe.

Ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ni, ní Yorùbá tàbí Píjìn, kò sí nínú ìwé. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti ṣe kádì rí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìgbà tí ọ̀pá kọjá bọ́ọ̀lù láìkàn án.