Ewé Akíntọ́lá Nínú Igbó Ìjọba

Ewé Akíntọ́lá ni àwọn àgbẹ̀ kan ń pe ewéko kan nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn mìíràn ní ewé Awólọ́wọ̀ ni. Ní Gánà, orúkọ Acheampong, ọ̀gágun tó ṣe olórí wọn nígbà kan, ni wọ́n fi sọ ọ́. Àfi bí ẹni pé wọ́n mọ̀ pé bó bá ti gba ilẹ̀, kì í fẹ́ gbé e sílẹ̀. Chromolaena odorata ni àwọn onímọ̀ ewéko mọ̀ ọ́n sí, Amẹ́ríkà olóoru ló sì ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ sọ ni pé àárín èso igi gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ló há sí tó fi dé Nàìjíríà ní nǹkan bí 1937. Ẹni tó fẹ́ gbin igbó ló gbé e wọlé.

Oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀. Nínú igbó tí orí igi ti pàdé, kì í rọ́wọ́ mú; bí agégẹdú bá wó igi ńlá kan, kíá ló ti bo ibẹ̀. Nígbà ọyẹ́, èso rẹ̀ tín-ín-tìn-tín onírun funfun máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tó bá kọjá, atẹ́gùn a sì gbé ìyókù lọ. Lẹ́yìn náà ni igi rẹ̀ a gbẹ, tí iná a sì rí ohun jó. Iná a pa ọmọ igi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ìdí ewé Akíntọ́lá a tún rú, ọmọ igi kò ní jí mọ́.

Ibí ni ojú ọjọ́ ti bá a ṣọ̀rẹ́. Ooru ń pọ̀ sí i ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òjò kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, igbó gbígbẹ ni iná sì ń fẹ́. Nínú ìdánwò iná tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbó Olókemèjì, ní Nàìjíríà, ní 1929, ibi tí wọ́n ń jó lọ́dọọdún nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gan-an di ọ̀dàn, ibi tí iná kò dé sì padà di igbó. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ inú ìdánwò yìí, pé kí iná má wọ igbó, wúlò fún bíborí ewé náà ju oògùn apakoríko lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe torí ewé Akíntọ́lá ni wọ́n ṣe é.

Wọ́n ti fi kòkòrò bá a jà. Pareuchaetes, àfòpiná tí ìdin rẹ̀ ń jẹ ewé náà, kò fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n ó rí ibùgbé ní Gánà ní àwọn ọdún 1990. Àwọn àgbẹ̀ pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan lórí ewé yìí: ẹni tí àdá gé lọ́wọ́ ń fún omi ewé náà sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, bẹ́ẹ̀ tata tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ń wá òdòdó ewé náà kiri.

Nínú igbó ìjọba, ṣíṣán nìkan kò tó. Kí a hú u kó tó tanná lápá ìparí ọdún, kí a la ọ̀nà tí iná kò ní lè ré kọjá yí igbó ká, kí a sì gbin afàrà tàbí ìdígbó síbi tí gẹdú ti kúrò. Ìbòòji a ṣe ìyókù. Kí àwọn aláṣẹ igbó kọ gbígbin igi rọ́pò sínú ìwé àṣẹ agégẹdú, kí wọ́n sì lọ wò ó lẹ́yìn ọdún kan.