Bí Pupa Ṣe Wọ Aṣọ Wa

Ẹni tó bá mọ kíjìpá tí àwọn ìyá wa ń hun nígbà kan láti Ìlárá-Mọ̀kín dé Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ á rántí pé funfun àti aró dúdú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Pupa dà?

Òwú ló fà á. Èlú bá òwú mu púpọ̀. Aláró á po ó mọ́ omi eérú, á ki òwú bọ̀ ọ́, á fà á yọ sí atẹ́gùn, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣú. Àmọ́ osùn lásán kì í dúró pẹ́ lára òwú. Irun ẹran àti sílíìkì ló ń gba pupa wọlé ṣinṣin. Irun ewúrẹ́ Angora, tí wọ́n ń pè ní mohair, tiẹ̀ máa ń dán ju ti àgùntàn lọ nínú aró kan náà, torí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀.

Àgùntàn àti ewúrẹ́ tiwa kò ní irun gígùn tó ṣeé ran bí òwú, ni pupa bá di ọjà òkèèrè. Láti ayé àwọn Potogí, ní bíi 500 ọdún sẹ́yìn, ni aṣọ irun àgùntàn pupa, òdòdó, ti ń gba Bìní wọlé. Ará Họ́láńdì kan, Drebbel, tó kú ní 1633, ló rí i pé kòkòrò cochineal pẹ̀lú èròjà tin á mú irun àgùntàn pọ́n bí iná. Àwọn ìjòyè ńlá Ọ̀wọ̀ fi òdòdó ṣe orufanran, wọ́n sì to eyín erin sí i lára.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé osùn ni wọ́n fi rẹ àlàárì. Èmi ò gbà. Sílíìkì pupa tí ràkúnmí gbé la aṣálẹ̀ kọjá láti Tripoli dé Kánò ló sọ àlàárì di olówó iyebíye. Wọ́n rẹ fọ́nrán rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ahunṣọ, ọgbọ́n sì nìyẹn. Bí ẹ bá ki òwú àti sílíìkì papọ̀ bọ inú ìkòkò kan, ọ̀kan á mu aró yó, èkejì á ràn fẹ́rẹ́. Rayon tó pọ̀ nínú aṣọ òkè lónìí ò ní wàhálà yẹn púpọ̀, torí igi ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ń gba aró bí òwú.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe kẹ́mísìrì mọ̀ pé álíkálì ni omi eérú. Òwú á fara dà á. Irun àgùntàn á bó, á jẹrà. Eérú kan náà ló wà nínú ọṣẹ dúdú. Nítorí náà, bí òdòdó bàbá àgbà bá wà nínú àpótí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Ẹ gbọn eruku rẹ̀, ẹ sá a sí òjìji, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò, torí kòkòrò tó kọ òwú ò kọ irun àgùntàn.